Bí Ọdẹ́yalé Ṣe Pọnmọ ní Ìlú Ń-Bọ̀

Ohun tí ẹ ti ń fura sí láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́njú, òótọ́ ni: ọdẹ a máa purọ́. Èyí tó pa òkété yóò ní ẹtu ni, èyí tó pa ẹtu yóò ní ẹfọ̀n ni, èyí tí kò sì pa nǹkan kan yóò ní ẹran náà bẹ òun bí ènìyàn, àánú sì ṣe òun. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́yalé ọmọ Ṣẹ̀gilọlá, ará Òkè-Ìrókò, irọ́ tirẹ̀ kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó jẹ́ olóòótọ́ jù wọ́n lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè purọ́ nípa ohun tí kò mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n sọ àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ ni ó pa ìtàn náà. Àwọn àlejò ti jẹ, wọ́n ti yó, àwọn àgbà ti ń wá ibi tí wọn yóò fẹ̀yìn tì. Ọdẹ́yalé tẹ́ awọ àmọ̀tẹ́kùn kan sórí àga, ó jókòó lé e. Ó ní òun fúnra òun ni òun pa àmọ̀tẹ́kùn náà, àmì ẹni tó tà á fún un sì wà lábẹ́ awọ náà títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ni ó wí, “ẹnu yín ni kí ẹ fi jẹ ẹran, ẹ yá mi ní etí yín. Èmi Ọdẹ́yalé, Abìjà-wàrà-bí-ìjì, èmi tí erin rí lọ́nà tó yà sínú koríko! Ẹ rí ọmọ tí a sọ lórúkọ lónìí, ẹ ń sọ pé ẹ kú oríire. Ṣé ẹ mọ ibi tí mo ti lọ mú un wá?”

“Erin wo?” Ràímì onígbàjámọ̀ ló béèrè. Òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fá orí ọmọ tuntun náà tán, ó sì gbà pé iṣẹ́ náà fún òun ní àyè láti sọ̀rọ̀. “Erin kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní Òkè-Ìrókò, ara ògiri ilé-ìwé ni wọ́n yà á sí. Kò sì tíì yà fún ẹnikẹ́ni.”

“Ràímì, àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìwọ ò rìn kọjá orí ènìyàn rí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìtàn sì bẹ̀rẹ̀.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Ọdẹ́yalé ti fẹ́ Àwẹ̀ró, obìnrin gíga kan tí kì í pariwo, tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní ìlú kejì. Ọdún mẹ́ta yìí gùn lójú Ṣẹ̀gilọlá, ìyá Ọdẹ́yalé, ju bó ṣe gùn lójú tọkọtaya lọ. Láràárọ̀ ni màmá ń kí ìyàwó ọmọ rẹ̀: “Ìyàwó, ṣé o sùn dáadáa?” Ṣùgbọ́n kì í wo ojú rẹ̀ bó bá ń kí i. Ikùn rẹ̀ ni ó ń wò, bí ẹni tó ń retí pé kí ikùn náà dáhùn. Nígbà tó yá, sùúrù rẹ̀ tán. Ó pe ọmọ rẹ̀ sẹ́yìnkùlé.

“Ọdẹ́yalé, tí iṣu tuntun bá dé tí mi ò gbọ́ nǹkan, màá mú ọmọ ọ̀rẹ́ mi wálé fún ọ. Ìdí rẹ̀ gbòòrò, kò sì ka ìwé kankan.”

Ọdẹ́yalé fẹ́ràn Àwẹ̀ró. Èyí kì í ṣe irọ́. Àwẹ̀ró sì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé ọjọ́ tí ìyàwó kejì bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, òun yóò gba fèrèsé jáde. Àwẹ̀ró kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ ṣe dúró nìyí: kí ọmọ wà kí iṣu tuntun tó dé, tàbí kí Àwẹ̀ró lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ lọ rí dókítà.

“Èmi?” ni ó wí. “Kí n wọ yàrá kan lọ, kí n mú ìgò dání, kí nọ́ọ̀sì tí mo lè bí lọ́mọ máa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà? Ẹ jẹ́ kí n lọ bá iwin jà. Iwin kò ní gbé ìgò lé mi lọ́wọ́.”

Bí ó ṣe di pé Ọdẹ́yalé kó ìbọn, òògùn àti gúgúrú jọ nìyẹn, tí ó sì kọrí sí Igbó Àkọ́dáyé láti lọ wá ọmọ níbi tí ọmọ ti ń wá.

Àṣà kan wà láàárín àwọn ọdẹ Òkè-Ìrókò. Ọdẹ tó bá ti fi orógbó ìrìn-àjò sẹ́nu kò gbọdọ̀ dá ènìyàn lóhùn mọ́, kò sì gbọdọ̀ dúró gbọ́ ọ̀rọ̀, títí yóò fi ré odò àkọ́kọ́ kọjá. Orógbó ti wà lẹ́nu Ọdẹ́yalé nígbà tí Àwẹ̀ró jáde láti balùwẹ̀, tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

“Ọkọ mi, ẹ dúró. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀, ó jọ pé ẹ kò gbọ́ ọ—”

Ọdẹ́yalé nawọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú.

“Ẹ tu orógbó yẹn ná. Kò ní pẹ́.”

Ó mi orí. Ó fi ọwọ́ kan èjìká ìyàwó rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ń lọ sójú ogun, ó sì lọ.

“Ẹkún ló ń sun,” ni ó wí fún àwọn àlejò.

“Mi ò sunkún,” ni Àwẹ̀ró wí láti ibi tó ti ń to abọ́.

“Omi wà lójú rẹ.”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán ni.”

Bí ó ti rìn nínú igbó náà kò kàn yín. Ọ̀nà igbó, ọ̀nà igbó náà ni. Ìlú tó kọ́kọ́ dé ni ìlú tí wọ́n ń pè ní Ṣé-Kò-Tíì-Sí-Nǹkan. Àwọn ará ibẹ̀ kò ní ojú lórí. Ẹ̀gbẹ́ ìdodo ni ojú wọn wà, kí ó lè bá ikùn ẹlòmíràn dọ́gba. Ẹ̀wẹ̀, wọn kì í kí ènìyàn pé ẹ kú ìrìn. “Ṣé kò tíì sí nǹkan?” ni ìkíni wọn. Bí o bá ní ó ti wà, wọn á ní “Èkejì ńkọ́?” Bí o bá ní èkejì ti dé, wọn á ní “Ṣé ọkùnrin wà níbẹ̀?” Bí o bá bí ọkùnrin mẹ́fà, wọn á bi ọ́ kí ló dé tí o ń bímọ bí eku.

Òfin wọn ni pé kí àlejò tí kò tíì bímọ jókòó sí àárín ọjà. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni bá bi í, á di òkúta, á sì bọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí oòrùn tó yí, òkúta ti mu Ọdẹ́yalé dé ìbàdí. Ó pe ọfọ̀, òkúta kò gbọ́. Ó wá rò ó pé irọ́ ni ohun ìjà tó mọ́ òun lọ́wọ́ jù.

“Mo bí mẹ́wàá!” ni ó kígbe.

“Orúkọ wọn?” ni gbogbo ọjà dáhùn.

“Àkọ́kọ́ ni Ọdẹ́yalé Kékeré. Èkejì ni Ọdẹ́yalé Àárín. Ẹ̀kẹta…” Ó há.

Òkúta di ìlọ́po méjì, ó mu ún dé àyà.

Níbẹ̀ ni bàbá arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ gbé ń bọ̀, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ ara wọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Òkúta kankan kò sí lẹ́sẹ̀ wọn. Ìyá arúgbó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí pé, “Má dáhùn mọ́, ọmọ mi. Bi àwọn náà. Ẹni tó bá bi ọ́ ní tìrẹ, bi í ní tirẹ̀.”

Ọdẹ́yalé gbójú sókè sí obìnrin tó ń bọ̀. “Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ bí, níbo ni ọmọ yín wà báyìí?”

Obìnrin náà dúró. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Láti òwúrọ̀ tó ti ń bi ará ọ̀nà léèrè, kò rántí ibi tó gbé ọmọ tirẹ̀ sí. Ó figbe ta, ó sáré lọ sílé. Ọdẹ́yalé bi ẹni kejì, òun náà sáré. Ó bi ìkẹta, ó bi ìkẹrin, kí ẹ sì tó ṣẹ́jú, ọjà ti dá páropáro. Gbogbo òbí ìlú wà lójúde, wọ́n ń pe ọmọ wọn lórúkọ, òmíràn kò sì rántí orúkọ náà. Òkúta tú ká lára Ọdẹ́yalé bí èèpo ẹ̀pà.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ tọkọtaya náà. Ó wá bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, kí òun lè mọ bí òun yóò ṣe kí wọn.

“A kò bí,” ni bàbá náà wí. “A jókòó, a rò ó, a kò sì bí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni a tọ́, ó ti lọ sí ilé ọkọ.”

“Háà! Ta ló ṣe yín bẹ́ẹ̀?”

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Àwa náà ni.”

Àánú wọn ṣe Ọdẹ́yalé púpọ̀. Àánú Ọdẹ́yalé sì ṣe àwọn náà, wọ́n bu ẹ̀pà sí i lápò, wọ́n júwe ọ̀nà fún un.

“Ràímì,” ni Ọdẹ́yalé wí, “ìwọ náà ti bi mí ní ìbéèrè yẹn rí, nígbà tí abẹ wà ní ọrùn mi. Mo ti dárí jì ọ́.”

“Mo kàn fẹ́ kí o gbàgbé pé abẹ kò mú ni.”

Ọ̀nà tí wọ́n júwe fún un já sí oríta kan, Ẹlẹ́nu-Méje ló sì dábùú rẹ̀. Iwin ni, ó ga bí àràbà, ẹnu méje wà lára rẹ̀ láti iwájú orí títí dé orúnkún, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì ń polówó oògùn ọmọ. Ẹnu kìíní ní kí ó mu àgbo egbò. Ìkejì ní egbò ló ń ba ilé-ọmọ jẹ́, ewé ni kí ó mu. Ìkẹta ní kí ó gbààwẹ̀, ìkẹrin ní kí ó jẹun dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀. Ìkarùn-ún ní aládùúgbò ló wà nídìí rẹ̀, ìkẹfà ní ìyá rẹ̀ ni. Ẹnu keje dákẹ́, ó di, bí ẹni tí inú ń bí.

“Kò sí ẹni tó ń kọjá lọ́dọ̀ mi,” ni iwin náà wí, “bí kò bá ṣe ohun tí gbogbo ẹnu mi wí.”

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọdẹ́yalé mu egbò, ó mu ewé, ó gbààwẹ̀, ó sì jẹun lẹ́sẹ̀ kan náà, èyí tí kò rọrùn. Ó ṣépè fún aládùúgbò. Ó bẹ ìyá rẹ̀ ní àforíjì, ó sì ṣépè fún un díẹ̀. Kò pẹ́ tí inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó wú, ó yọ síwájú, ó yí roboto, ìdodo rẹ̀ jáde síta bí orí ìgbín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ẹ̀yìn ń ro ó. Òórùn ẹ̀tù ìbọn tó fẹ́ràn jù láyé wá ń kó o nírìíra, erùpẹ̀ funfun etí ọ̀nà sì wá ń wù ú láti lá. Gbogbo ẹyẹ tó kọjá ń kí i pé a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ.

“Ẹ̀yin obìnrin,” ni ó wí fún àwọn àlejò, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, “ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Ó ti wá mọ̀,” ni ìyá kan dáhùn láti ẹ̀yìn. “Ẹ bá wa bu omi tútù fún un.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, èébì gbé e. Kì í ṣe èébì kékeré. Ewé, egbò, oúnjẹ àti ààwẹ̀ jọ tú jáde, wọ́n lu Ẹlẹ́nu-Méje láti òkè délẹ̀, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì tọ́ ohun tí ẹnu kejì ń tà wò. Wọn kò tíì tọ́ oògùn ara wọn wò rí. Ìjà dé. Ẹnu kìíní ní ìkejì fẹ́ pa òun. Ìkẹta bu ìkẹrin jẹ, ìkarùn-ún tutọ́ sí ìkẹfà. Bí wọ́n ṣe ń ya ara wọn jẹ nìyẹn títí iwin náà fi wó lulẹ̀ bí ilé tí òjò lù. Ẹnu keje nìkan ló kù. Ó là wàyí, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Ọdẹ, padà sílé. Bi ìyàwó rẹ.”

“Ẹ ò rí àrékérekè iwin!” ni Ọdẹ́yalé pariwo, ó na ìka sókè. “Ó mọ̀ pé mo ti fẹ́ dé ibi tí mo ń lọ, ó fẹ́ dá mi padà! Ṣé ẹ rò pé mo gbọ́?”

“Rárá,” ni Àwẹ̀ró wí. “A kò rò bẹ́ẹ̀.”

Ó yìnbọn sí ẹnu náà, ó gun orí òkú iwin kọjá, ó sì wọ Ìlú Ń-Bọ̀.

Kò sí àgbà ní Ìlú Ń-Bọ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni ẹni tí a kò tíì bí. Orí àpótí gíga ni wọ́n ń jókòó sí, àwọn tó fẹ́ di òbí a sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á ṣí fìlà. Ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin olówó kan ni Ọdẹ́yalé jókòó sí. Ọkùnrin náà ń sọ fún ọmọkùnrin kan lórí àpótí pé òun ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta dè é. “Ta ni yóò máa wà nínú ilé náà?” ni ọmọ náà béèrè. Ọkùnrin náà wo aago rẹ̀. Wọ́n ní kí ó lọ, kí ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Ó kan Ọdẹ́yalé. Ọmọbìnrin kan ló kọjú sí i. Kò tíì hu eyín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ Ràímì lọ.

“Ìwọ ọdẹ, kí lo fẹ́ mi fún?”

“Kí o lè jẹ́ orúkọ mi, kí orúkọ mi má baà parun.”

“Fi orúkọ náà sọ ajá rẹ.”

“Kí o lè sin mí bí mo bá kú. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ.”

“Mi ò tíì délé, o ti fi ṣọ́bìrì lé mi lọ́wọ́.”

“Kí ìyá mi má baà fẹ́ ìyàwó mìíràn fún mi.”

“Ìyá rẹ ló yẹ kí o bá sọ ìyẹn.” Bí Ọdẹ́yalé bá ti dáhùn, àpótí ọmọ náà á ga sí i, débi pé Ọdẹ́yalé ti ń fi ọwọ́ ṣíji bojú kó tó lè rí i. “Tèmi ńkọ́? Ìyá tèmi? Kí ló ń kọ́ ní ilé-ìwé?”

Ọdẹ́yalé ronú. “Ìwé.”

Gbogbo Ìlú Ń-Bọ̀ rẹ́rìn-ín títí àwọn mìíràn fi jábọ́ láti orí àpótí. Ojú ti Ọdẹ́yalé. Ẹni tí ojú kì í tì nílé, ojú wá tì í lẹ́yìn odi.

Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fò sílẹ̀ láti òkè, kí ó sì tó balẹ̀, ó ti di ọmọ ọwọ́, ó bọ́ sí àyà Ọdẹ́yalé, ó sì figbe ta. Ohùn kan wá láti àárín àwọn tó kù pé: “Bí o bá gbé e sílẹ̀ kó tó dákẹ́, kò ní wá mọ́ láéláé.”

Ẹ̀yin ènìyàn, ọkùnrin náà ti bá ìkookò jà. Kò tíì rí irú èyí. Ó pe ọfọ̀ ìdákẹ́: ẹyẹ dákẹ́, afẹ́fẹ́ dákẹ́, odò dá dúró, ọmọ kò dákẹ́. Ó sun ìjálá, ọmọ ké sí i. Ó yìnbọn sókè, ìyẹn ni kò yẹ kó ṣe rárá. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, apá ń ro ó, ọmọ sì ń ké. Ọmọ tọ̀ sí i lára. Ọmọ ṣe èyí tó ju ìtọ̀ lọ. Àwọn ọmọ orí àpótí fara balẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Nígbà tí kò sí òògùn kankan mọ́, Ọdẹ́yalé jókòó. Ó já koríko tútù, ó fi nu ìdí ọmọ. Omi mímu tó kù nínú akèrègbè rẹ̀ ni ó fi ṣàn án, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó bọ́ gbérí ọdẹ rẹ̀. Àdó àti ìṣọ́, òògùn ààbò tó jogún lọ́wọ́ baba rẹ̀, ló kún ara aṣọ náà, ó sì mọ̀ pé wọn yóò gún ọmọ lára. Ó tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jù wọ́n sínú igbó: ayẹta, ayẹ̀bọ, òkígbẹ́, títí aṣọ náà fi di aṣọ lásán. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ sẹ́yìn. Ọmọ yọ̀ bọ́rọ́, ó gbá a mú. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó so aṣọ mọ́ àyà, ó dìde díẹ̀díẹ̀. Kò mọ orin kankan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀, òun náà ló sì ń sọ bó ṣe ń rìn lọ, tó ń rìn bọ̀, tó ń fọwọ́ gbá ìdí ọmọ: “Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ o.”

Ọmọ dákẹ́. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn, ó sùn.

“Irọ́ dé wàyí,” ni Ràímì wí. “Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà, títí dórí oyún ọkùnrin. Ṣùgbọ́n pé Ọdẹ́yalé pọnmọ?”

Àfi bíi pé ọmọ tuntun náà gbọ́ nínú yàrá, ó ké. Obìnrin mẹ́ta dìde. Ọdẹ́yalé ti ṣáájú wọn. Ó gbé ọmọ náà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó sọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, ó fa ọ̀já, ó so ó, ó dìde. “Pẹ̀lẹ́,” ni ó wí. Ọmọ dákẹ́. Ọdẹ́yalé wo Ràímì láti òkè délẹ̀, ọmọ lẹ́yìn, ìbọn léjìká. Ràímì bẹ̀rẹ̀ sí í nu abẹ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyá arúgbó kan fi etí aṣọ nu ojú. Ẹnikẹ́ni tó bá wí pé èyí kì í ṣe ìṣẹ́gun, kí ó jáde wá sọ ọ́.

Bí ó ti pọnmọ báyìí ni ó ṣe parí ìtàn náà, ó ń rìn síwá sẹ́yìn. Àwọn ará Ń-Bọ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọbìnrin náà jí, ó padà sórí àpótí, àpótí náà kò sì ga mọ́.

“Mo gbà ọ́,” ni ó wí. “Má rò pé ìbọn rẹ ni.” Ó bu omi odò ìlú wọn sínú ahá kékeré kan, ó gbé e fún un. “Fún ìyá mi mu, kí ó mọ̀ pé o dé ibí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wà ní títì, ẹni tó tì í sì wà nínú ilé rẹ. Bó bá ṣí i, màá wọlé. Bí kò bá tíì fẹ́ ṣí i, màá dúró. Mi ò ní jálẹ̀kùn.”

“Dárúkọ àjẹ́ náà fún mi!”

Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀. “Ẹ bá mi mú un lọ sílé.”

Òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀ nígbà tó wọ Òkè-Ìrókò. Àwọn ọdẹ yìnbọn, àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Kò tíì jókòó tó fi kéde lójúde pé òun ti mọ̀ pé ẹnìkan nínú ilé ló tilẹ̀kùn ọmọ, àti pé bí ẹni náà kò bá ṣí i, òun àti ìbọn ni. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ṣẹ̀gilọlá wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà, kò wo ikùn ìyàwó mọ́, kò dárúkọ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́, ó sì ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ láàárọ̀ títí kan ti ilé adìẹ. Àwẹ̀ró gba ahá, ó gbé e mu tán. Nígbà tí iṣu tuntun fi máa dé, ìró kò yí ikùn rẹ̀ ká mọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló gún iyán, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síwájú rẹ̀.

“Ìdí nìyẹn,” ni Ọdẹ́yalé wí, “tí mo fi sọ ọmọ yìí ní Ọdẹ́bùnmi. Ta ló bùn mí? Ọdẹ ni! Ta ni ọdẹ náà? Ẹ má jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.”

Wọ́n bá a sọ ọ́. Wọ́n kí i, wọ́n kì í, wọ́n dìde dúró fún un. Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, àgbà tó dàgbà jù láàárín wọn yíjú sí Àwẹ̀ró.

“Ìyá ọmọ, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rí sí i?”

Àwẹ̀ró gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀, tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, tó ń retí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ti gbogbo ìlú lọ.

“Ó rin ìrìn náà, bàbá. Ó rìn ín fún mi,” ni ó wí. “Omi náà sì tutù dáadáa.”

Ariwo tún sọ. Wọ́n gbé Ọdẹ́yalé yí ilé ká, tòun tọmọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì ìgbéyàwó wọn ni Àwẹ̀ró sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ parí ẹ̀kọ́ òun kí òun tó bímọ. Ọdẹ́yalé ń nu ìbọn, ó ní, “Ó dára.” Ó gbé e sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì fi ọ̀pá ìfètòsọ́mọbíbí kan tó tó igi ìṣáná sí abẹ́ awọ apá òsì Àwẹ̀ró. Ìta ni Ọdẹ́yalé dúró sí, lábẹ́ igi máńgòrò, nítorí ó ní ọkùnrin kì í wọ ibẹ̀. Oṣù tó ṣáájú èyí tí Ọdẹ́yalé ti Ìlú Ń-Bọ̀ dé ni Àwẹ̀ró gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ rẹ̀, ó sì lọ yọ ọ̀pá náà.